Tíránsífò Tí Kì í Ké

Ìgbà tí mo yọjú síta tí mi ò rí obìnrin kan ṣoṣo nínú ọjà Adja-Ouèrè ni mo mọ̀ pé mo ti kó sí wàhálà. Gàrí wà nínú igbá, epo wà nínú agolo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà wọ́n ti sá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọ̀sán gangan ni. Lẹ́yìn mi, rédíò tí mo fọwọ́ ara mi tò ń ké hùùù, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Wọ́n rò pé Orò ló jáde. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú náà ni mo ṣì ń gbé.

Tíránsífò ló fà á, irin tí wọ́n fi wáyà bàbà wé, tí í ṣètò iná kí ó tó wọ inú rédíò. Èyí tí mo rà ní Porto-Novo ti gbó. Ara ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò mi ni mo sì ti ń fa iná. Ó máa ń tàn án lọ́jọ́ ọjà kí bíà rẹ̀ lè tutù.

Olórí àwọn àgbà Orò wá fúnra rẹ̀. Ó wo rédíò, ó wò mí. "Akọ̀wé, bí nǹkan yìí bá tún ké bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ìwọ àti òun lẹ ó jọ fi ìlú sílẹ̀."

Mo ní màá dáná sun ún lójú ẹsẹ̀. Ó ní rárá, ẹni tó bá sun ún ti jẹ́wọ́ pé ohùn Orò ló wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Kí gbogbo ìlú gbọ́ pé irin lásán ni.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ikpinlè. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe níbẹ̀ kó tíránsífò mẹ́ta síwájú mi, ó ń yin agbára wọn. Mo ní èyí tí kò lè ké ni mo fẹ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kí ó wá wo ọkùnrin tó ń wá rédíò tó yadi. Ní Kpoulou ni olùkọ́ kan ti yọ ti inú rédíò rẹ̀ tó ti kú fún mi. Mo gbé e sétí, mo mì ín, kò dún. Ẹ̀rù mú kí n tún un mì.

Lọ́jọ́ ọjà, Bàbá olórí Orò wá jókòó tì mí, ó ní kí àwọn obìnrin ṣì wọlé ná. Mo tan rédíò. Kò ké, kò sì sọ̀rọ̀. Ìgbà tó gbóná tán ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé.

"Kí ló ń wí?"

"Ó ní ìjọba tuntun ti dé, Bàbá."

"Òmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ẹ ní kí àwọn obìnrin máa jáde bọ̀. Ìjọba ni, kì í ṣe Orò."