Ẹ̀wà Táyé àti Ẹ̀yìn Màámi

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílùú Igbó-Ọrà, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀. Bí mo bá ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ojú títì ni ojú mi máa wà. Bí wọ́n bá ní kí n kúnlẹ̀ kí n káwọ́ sókè nítorí pé mo fi ilẹ̀ gbígbá sílẹ̀ lọ ṣe sùwé, màá ti máa yí orúnkún síbí sọ́hùn-ún. Kò ya Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lẹ́nu. Ó ní èkejì mi ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Ìbejì ni wá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èmi ni Kẹ́hìndé. Táyé ti kú kí a tó máa rìn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà náà: wọ́n á gbẹ́ ère fún ọmọ tó lọ, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un ní ẹ̀wà, kó má baà pe èkejì rẹ̀. Màámi nìkan ló kọ̀ nínú agboolé wa. Ó ti ṣèrìbọmi kó tó wọlé ọkọ, ó sì ní òun kò ní bọ igi. Àwọn ìyàwó ilé kì í bá a jẹun mọ́, wọn kì í sì í bu omi nínú ìkòkò rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ìyá tó ń febi pa òkú ọmọ rẹ̀ kò dára.

Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún méje, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Màámi gbé mi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún mi ní oògùn kíkorò, síbẹ̀ ara mi ń jó bí ààrò. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn àgbà ilé pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, ó fi ọ̀já gbà mí bí ọmọ ọwọ́. Ìyá àgbà ti ní kí wọ́n gbẹ́ ère náà. Ó wà nílẹ̀, àwo ẹ̀wà wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," ni Ìyá àgbà wí, "àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun ó wọ́. Fi ẹ̀wà yìí kàn án lẹ́nu, ká lè rí èyí tó kù gbà."

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè ṣe é."

"Tó bá kú ńkọ́?"

Bàámi náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣe é nítorí tèmi, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Etí mi wà láàárín ẹ̀yìn Màámi, mo sì ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń lù kìkìkì, bí ẹni tó ń gún iyán fún àlejò tó ti jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Tó bá kú, màá sunkún ẹ̀ bí mo ṣe sunkún Táyé. Ọlọ́run kan náà ni màá sunkún sí." Ó kúnlẹ̀ fún wọn, ó sì gbé mi wọ yàrá. Inú bí mi sí i gan-an. Lójú mi, ó fẹ́ràn Ọlọ́run rẹ̀ jù mí lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ibà náà lọ. Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ ti gbé ère náà wọ yàrá, ó ń se ẹ̀wà fún un, ó ní ẹ̀wà òun ló wò mí sàn. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé àwo Táyé ń ṣófo. Kí Ọlọ́run dárí jì mí o, èmi ni mo ń yọ́ wọlé lọ jẹ ẹ́! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà, tí wọ́n ń fún ní ẹ̀kọ mímu lásán, tó wá ń gbóòórùn ẹ̀wà tó rì sínú epo, kí ló fẹ́ ṣe? N kò jẹ́wọ́ fún ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ara mi kì í balẹ̀ rárá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lóde òní, kò sí àdúgbò tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Igbó-Ọrà, ọ̀kadà á sì gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ kọ omi ìkòkò rẹ. Ìgbàgbọ́ ti rọrùn, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Ìgbà tí mo bí ọmọ tèmi ni mo tó mọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn Màámi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a sin ín, pásítọ̀ ní obìnrin yìí kò mọ ẹ̀rù. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi kò ṣe é. Màámi mọ ẹ̀rù. Èmi ló pọ̀n.