"A Dúpẹ́" Tí Mo Túmọ̀ ní Ajah

Inú ti ń bí mi kí n tó kúrò ní Sákété. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni awakọ̀ ní kí gbogbo wa pé sí ìdíkọ̀, aago mẹ́fà sì ti kọjá kí òun fúnra rẹ̀ tó yọjú, ó ń run orín lẹ́nu bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń dúró dè é. Ìyá mi ló sìn mí. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń dà á láàmú láti bí ọdún mélòó kan, ó sì ń tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú òkùnkùn. Mo bi í pé, "Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?" Ó dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn láràárọ̀: "A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ṣáà máa lọ, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire." Mo ṣe àmín, mo wọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọlọ́dún karùn-ún ni mí o.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí léèrè ohun tí mo lọ wá ní Nàìjíríà, ohun tí mo lọ wá nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ wa ní Pàràkú gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ lo oṣù kan ní ilé ìwòsàn ilẹ̀ òkèèrè, kí ó lè rí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀gá dókítà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe dáadáa. Bí kò bá buwọ́ lù ú, oṣù náà di òfo, ìdánwò àṣekágbá yóò sì di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ fi ìbuwọ́lù yìí sọ́kàn, torí òun ló pa mí lẹ́nu mọ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ̀rún kan fàránkì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Ìgòlò. Mo fẹsẹ̀ rìn kọjá ẹnubodè sí Ìdí Ìrókò. Yorùbá ni wọ́n fi kí mi níhìn-ín, Yorùbá ni wọ́n fi kí mi lọ́hùn-ún, síbẹ̀ èmi ni àjèjì. Láti Ìdí Ìrókò dé Òṣòdì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, lórí ọ̀nà tí kòtò rẹ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè dá wa dúró lójú ọ̀nà títí mo fi ṣíwọ́ kíkà iye ìgbà.

Awakọ̀ ọkọ̀ Òṣòdì náà ní, "Kòtònù, ẹ sún mọ́hùn-ún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí èèyàn wọlé."

Mo ní, "Sákété ni mo ti wá. N kò gbé Kòtònù rí."

Ó ní, "Kòtònù náà ni gbogbo yín, àǹtí. Ẹ sún."

Báyìí ni mo ṣe gba orúkọ tí wọ́n fi pè mí fún oṣù kan gbáko.

Ajah wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà gígùn kan tí ó gba Lekki kọjá. Ilé ńlá ló kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, odi gíga yí wọn ká, ẹ̀ṣọ́ sì jókòó sí ẹnu géètì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń ránṣọ, Àǹtí Síkírá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni mo dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Addo, àdúgbò kan ní Ajah. Yàrá kan ló ní. Bí òjò bá rọ̀, a ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, àwa náà a gun bẹ́ẹ̀dì, a ó máa wo omi. Omi kún ilẹ̀, síbẹ̀ rírà ni a ń ra omi mímu. Ẹ̀wà tí mò ń jẹ láàárọ̀, tí wọ́n da ata dúdú lé lórí, ẹ̀wà àgányìn ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní ọ̀dọ̀ tiwa ló ti wá. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi, torí èmi kò jẹ irú rẹ̀ rí nílé. Ó dùn ṣá, n kò ní parọ́.

Ilé ìwòsàn aládàáni tí mo lọ kò jìnnà sí géètì VGC, ọgbà àwọn olówó. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ láti ara ògiri. Ẹ̀rọ ńlá kan tí ń ya àwòrán inú ara ni mo torí rẹ̀ yan ibẹ̀, torí a kàn ń ka nípa irú rẹ̀ nínú ìwé ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀. Oṣù náà parí, n kò rí ẹni náà.

Dókítà Bánkọ́lé ni ọ̀gá wa. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n òkè òkun ló ti dàgbà, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ pé òun kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ojú ń tì, bí ẹni tó gba ẹ̀bùn ló ṣe máa ń sọ ọ́. Kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Yóò dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, yóò wo ìwé, yóò kọ̀wé, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní Pàràkú, níbi tí a kò ti ní ohun èlò, olùkọ́ wa máa ń sọ pé ọwọ́ ni ẹ̀rọ tálákà: tẹ ikùn, gbá àyà, wo ìpéǹpéjú. Mo rò pé mo ń lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ju ìyẹn lọ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn bíríkìlà mẹ́ta gbé ẹnìkejì wọn wá láti Ṣàngótẹ̀dó. Bàbá Làmídì ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ìsẹ́yìn, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Pákó tó gùn láti fi rẹ́ ògiri ló yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ìhà òsì já lé orí òkìtì búlọ́ọ̀kù. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré ya àwòrán egungun rẹ̀, egungun kankan kò ṣẹ́. Wọ́n ní kí ó sùn di ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Dókítà kọjú sí mi, ó ní, "Kòtònù, abeg ask Baba how he's doing. My Yoruba no reach that level." Ó ní kí n bi Bàbá bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹ gbọ́ ná! Ọmọ ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n ní kó máa gba ẹnu Yorùbá sọ̀rọ̀ fún Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ara ńkọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi. Ara ti ń le. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú làálàá wa."

Mo dìde, mo fi gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ níléèwé sọ fún dókítà pé ó ní òun dúpẹ́, ara òun ti ń le.

"Good. Discharge." Ìyẹn ni pé kí wọ́n dá a sílẹ̀ kó máa lọ ilé. Kò ká aṣọ lára rẹ̀.

Ohun tí mo rí lórí ìkúnlẹ̀ nìyí. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá di èjìká òsì rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èjìká ló fi balẹ̀. Nígbà tó gbójú wò mí, mo rí i pé inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, bí ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ ìhà òsì, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí ó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn sínú ikùn díẹ̀díẹ̀, èjìká òsì ni yóò sì máa dun onítọ̀hún. Wọ́n ti kọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n. Mo wo ẹ̀yìn dókítà bó ṣe ń lọ, mo rántí ìwé tí yóò buwọ́ lù, mo sì tẹ̀ lé e.

Títí di ọ̀sán ni nǹkan náà ń jó mi nínú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dákẹ́, ti Bàbá ló fẹ́ bá mi dákẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n ní ká lọ jẹun, mo bọ́ sójú títì, mo wọ bọ́ọ̀sì kékeré, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó di Ṣàngótẹ̀dó. Mo bèèrè títí mo fi rí ilé tí wọ́n ń kọ́ náà lẹ́yìn ọjà. Inú ilé tí wọ́n ń kọ́ fún olówó ni àwọn bíríkìlà yìí ń sùn, nínú yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn, títí olówó yóò fi kó wọ inú rẹ̀. Bàbá nà sórí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tú palẹ̀. Ó rí mi, ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má dáhùn bí ẹni tí wọ́n kí. N kò wá kí yín. Mo wá bi yín ni. Níbo ló ń dùn yín?"

Ó ní, "Ṣé kí n sọ òótọ́? Láti àná ni. Èjìká yìí dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún un. Bí mo bá dìde, òòyì a máa kọ́ mi."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láàárọ̀?"

"Háà! Ìwọ ọmọ, o kúnlẹ̀, o kí mi bí ọmọ gidi, kí n wá da ìrora lé ọ lórí ní kùtù hàì? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Kò sí níbi kankan nílẹ̀ Yorùbá. Èmi tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìyá mi ti fi kọ́ mi láti kékeré, ni mo mú ìkíni lọ fún dókítà pé àyẹ̀wò ni. Mo fọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó le gbagidi, Bàbá sì pariwo. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn ìjọba kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti là á, wọ́n yọ ẹ̀yà ara tó ya náà. Méjì nínú àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un lẹ́jẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Bánkọ́lé pè mí wọ ọ́fíìsì. Bébà kan wà níwájú rẹ̀, ìwé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kí o gbé patient wa lọ síbòmíràn? O fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́, abi?"

"Ó ń kú lọ ni, sà."

"You told me he was fine. Ìwọ lo túmọ̀ ẹ̀. So, kọ ọ́ síbí pé o túmọ̀ ẹ̀ wrongly. Sign. Èmi náà á sign tìẹ. Shikena." Shikena, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ohun tó mú inú bí mi jù ni pé ìdajì òótọ́ wà níbẹ̀. Ká ní irọ́ pátápátá ni, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín. Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ pé: bàbá kí wa, mo sọ ọ́ bí ẹni pé ó sọ ti ara rẹ̀. Mo rí àmì, n kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Dókítà kò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn. Mo buwọ́ lù ú, mo tì í sí i.

Ó kà á. Ó ya bébà náà sí méjì, ó ju ìwé tèmi sí mi láìsí ìbuwọ́lù lórí rẹ̀. "Máa lọ sí Kòtònù ẹ."

Mo kígbe mọ́ ọn nínú ọ́fíìsì tútù yẹn pé Sákété ni! Sákété! Gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́.

Àǹtí Síkírá kò gbè sẹ́yìn mi. Ó ní, "Orí ẹ dà rú ni? Ṣé torí ìlà méjì lo fi sọ odindi ọdún kan nù? O ò bá kọ nǹkan tó fẹ́, kó o máa lọ. Èkó nibí o!" Ó fi ìbínú ránṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń lọ ó di gúgúrú sínú àpò mi.

Kí n tó lọ, mo yà kí Bàbá Làmídì. Mo ní, "Bàbá, ara ńkọ́?" Ó ní, "A dú..." ó dúró, ó wojú mi, ó ní, "Ojú ibi tí wọ́n là yìí ń dùn mí bí nǹkan míì, àwọn nọ́ọ̀sì yìí ò sì fún mi ní oògùn láti àná." Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, wọ́n fún un. Ìwọ̀nba ìwòsàn tí mo ṣe ní Ajah nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Sákété, pẹ̀lú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù. Ọdún kan ti ṣòfò, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí: sí dókítà tí kò ní ọwọ́ fún aláìsàn ju èyí tó fi di bírò mú lọ, sí ara mi pẹ̀lú. Ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde láti pàdé mi, ó fọwọ́ ti ògiri.

"Ẹ kúulé, Màmá. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi. O kú ìrìn. Ṣé dáadáa lo dé?"

Mo sọ àpò kalẹ̀. Mo ní, "Màmá, n kò kí yín. Mo bi yín ni."

Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ bọ̀ láti Èkó. Lẹ́yìn náà ó jókòó padà, díẹ̀díẹ̀, ó fa ìró rẹ̀ sókè kọjá orúnkún. Ó ní, "Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ló máa ń pọ̀ jù. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń sunkún kí n tó lè dìde."

Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ lé e. Ó ti wú, ó sì gbóná.