Páálí Káàdì Tí Mo Fi Èébú Rà

Dọ́là méjìdínlógún ni mò ń ta iṣu kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ìlú Morrow, lókè òkun níbí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, òun náà sì gba owó tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa ń wá rà á ní ọjọ́ Sátidé. Kò ní tíì kí mi tán tí yóò fi gbé iṣu lọ́wọ́, tí yóò fajú ro bí ẹni tó gbé òkú eku.

"Àǹtí, iṣu yìí dàgbà jù yín lọ o. Ẹ wo ìdí rẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Ṣé iṣu ló bẹ̀ ọ́ pé kó o wá jẹ òun? Iṣu tó funfun bí òwú! Gbé e sílẹ̀, má fi ojú burúkú bà á jẹ́ fún mi."

Ó bú u, mo yìn ín, a pàdé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó gbé iṣu rẹ̀, ó ní kí n bá òun kí ọkọ mi, ó lọ. Ẹnikẹ́ni ò bínú. Bí a ṣe ń nájà nìyẹn: ohun tó wu èèyàn jù lọ ló máa ń bú jù lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. N kò mọ̀ pé àwa la dá a sílẹ̀, mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń rajà nìyẹn.

Ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni pé mo máa ń kó káàdì bẹ́sìbọ́ọ̀lù àtijọ́ jọ. Káàdì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan ló máa ń wà lójú rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì àlòkù ni mo ti bá àkọ́kọ́ pàdé. Ọkùnrin orí rẹ̀ ṣe ẹnu bí àbúrò ìyá mi ṣe máa ń ṣe é tí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ojú ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni mo fi ń yan èyí tí mo máa rà. N kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, èmi àti ilé ìwé ò jọ pẹ́.

Ọmọbìnrin mi, tí mo bí síbí, tó ti ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, máa ń sọ pé, "Mọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a."

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á fi igi lé e, àwọn tó kù á dúró káàkiri bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn, tí mo bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, n kì í gbàgbé. Mo máa ń fi yangàn.

Ní Sátidé kan nígbà ooru tó kọjá, ọmọ mi wà mí lọ sí Lawrenceville, níbi tí màmá àgbà kan ti kó ẹrù ilé rẹ̀ síta tó ń tà á. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó dú bíi tiwa, àmì kan bíi kóró ìbẹ́pẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Lábẹ́ tábìlì ni mo ti rí páálí náà. Mo ṣí i díẹ̀. Káàdì ni, àtijọ́ gidi, ó kún dẹ́nu.

"Igba dọ́là," màmá náà ní.

Inú mi ń jó. Mo fajú ro kíákíá.

"Igba dọ́là? Fún bébà? Màmá, kòkòrò ti jẹ ẹ́ o."

"Ọkọ mi ló kó wọn jọ. Ó ti di olóògbé."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n bébà náà ni. Ta ló mọ àwọn èèyàn yìí mọ́? Àwọn ọmọ wọn gan-an ti gbàgbé wọn." Mo fa ọ̀kan yọ láàárín, mo gbé e sókè sí i lójú. "Ẹ wo eléyìí! Etí bí etí ìkòkò! Yàtọ̀ sí ìyá tó bí i, ta ló máa gbé irú èyí sílé?"

Mo tì í padà, mo dúró. Ó kàn án láti yìn ín. Ó yẹ kó lé mi, kó ní ojú mi ni ò ríran. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti káàdì náà sí ló ń wò. Ọmọ mi ń fa aṣọ mi lẹ́yìn.

"Mọ́mì, ó tó."

"Dákẹ́, ọjà ni mò ń ná."

"Ó lè jẹ́ òótọ́ lẹ sọ," màmá náà ní. "Ẹ mú ogún dọ́là wá."

Ọlọ́jà tó bá rí i tí igba já sí ogún láìdúró níbì kankan lójú ọ̀nà yẹ kó mọ̀ pé nǹkan ti fọ́. Mo sanwó. Ó tiẹ̀ wá okùn bá mi di páálí náà, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ bá mi gbé e kúrò." Mo rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò títí a fi délé. Ọmọ mi kò bá mi rín in.

Mo fọ ọwọ́ mi, mo nù ún gbẹ, mo bọ́ òrùka, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Etí káàdì nìkan la máa ń fọwọ́ mú, bí ẹni mú àkàrà gbígbóná. Bí mo ṣe tú okùn, òórùn bébà àtijọ́ jáde, pẹ̀lú adùn ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń dì pọ̀ mọ́ káàdì tà láyé ọjọ́un. Ọkùnrin náà ti fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni to aṣọ ọmọ tuntun. Kòkòrò kankan ò jẹ ẹ́. Irọ́ ni mo pa.

Ni ọwọ́ mi bá kan ọ̀kan tó nípọn ju àwọn yòókù lọ. Etí ìkòkò ni.

Káàdì ilé iṣẹ́ kọ́. Fọ́tò ni, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé igi bọ́ọ̀lù lé èjìká. Sísọ́ọ̀sì ti gé ọmọbìnrin tó dúró tì í sí méjì, ojú rẹ̀ nìkan ló kù, ó ń rẹ́rìn-ín. Kóró ìbẹ́pẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀.

Èmi tí n kì í gbàgbé ojú!

Mo pe ọmọ mi wá. Kò tiẹ̀ mú un lọ́wọ́.

"Mo rí i níbẹ̀, Mọ́mì. Ìdí tí mo fi ń fa aṣọ yín nìyẹn."

Mo ti rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo láyé yìí, títí kan ìsìnkú. Lọ́jọ́ yẹn, mo wá ẹ̀rín tì. Ojú ń tì mí débi pé n kò lè wo ojú àwọn ọkùnrin orí tábìlì náà.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, tòun ti gèlè, mo gbé páálí náà padà. Màmá náà ṣí ilẹ̀kùn, ó rí i lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀yin náà ò fẹ́ ẹ mọ́?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà." Mo na káàdì náà sí i.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. "N kò mọ̀ pé inú ibẹ̀ ló wà. Ìgbà tí ẹ gbé e sókè ni mo rí i. Mo fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tí ẹ sọ, ojú tì mí láti sọ pé ọkọ mi ni."

Ìtìjú tèmi ni ó bá mi rù sùn.

Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń nájà nílé wa, gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì ń dún bí ọ̀rọ̀ olè. Mo mú ọgọ́sàn-án dọ́là jáde. Ó tì í padà.

"Ogún ni mo pè é, ẹnu mi ni mo fi pè é. Ṣùgbọ́n èyí," ó gbá káàdì náà mọ́ àyà, "ẹ ti rà á. Ẹ tà á fún mi, bí ẹ ṣe ń tà á nílé yín. Ṣé kí n kọ́kọ́ bú u ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé e sókè bí mo ṣe gbé e. "Etí rẹ̀..." Ó fi ìka tọ ibi tí sísọ́ọ̀sì gbà. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò gún. Èmi ni mo gé e. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Ìyẹn kì í ṣe èébú. Ó wá kàn mí láti yìn ín. Ẹnu tó ti ta iṣu fún ẹni tí kò wá ra iṣu, gbólóhùn kan péré ló rí sọ.

"Ó jọ èèyàn rere," ni mo ní.

Ó tọwọ́ bọ àpò, ó fa gbogbo owó tó wà níbẹ̀ yọ, ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó sì pa ìka mi dé lé e. Tí mo bá kọ̀ ọ́, èébú kejì nìyẹn. Mo gbà á.

Nínú mọ́tò, ọmọ mi bi mí pé èló ló san. N kò tíì wò ó. Mo la ọwọ́ mi.

Dọ́là méje.