Àmì Ohùn Tí Kò Sí Lára Jíìpù Mọ́nsúrù

Mọ́nsúrù Àlùkò, oníṣòwò aṣọ ní Jallah Town ní Làìbéríà, wá jíìpù ológun àtijọ́ títí kó tó rí ọ̀kan rà ní Gardnersville lọ́dún 1968. Irú rẹ̀ ti wọ́n lójú títì. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń fà á, ẹrẹ̀ kankan kì í dá a dúró. Ó ní kí ọmọ Làìbéríà kan tó ń fi ọ̀dà kọ̀wé sára mọ́tò kọ “Ọkọ̀ Nurat” sí ilẹ̀kùn rẹ̀, kó lè fi yẹ́ ìyàwó rẹ̀ sí. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí àmì ohùn wà fún, ló bá fò ó. “Ọkọ Nurat” ló kọ.

Nurat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Baba Hajarat, ẹ ti fún mi lọ́kọ kejì! Èwo nínú yín ni kí n gbé oúnjẹ fún?”

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ibà pa Nurat. Mọ́nsúrù ń tọ́jú jíìpù náà bí ẹyin, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ òkun mú kí ilẹ̀kùn náà dípẹtà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tíṣà Òkè, bá a kùn ún. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ̀wé sí, ó ní, “Ẹ jẹ́ n kúkú fi àmì sí i. Ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ.”

Mọ́nsúrù di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.”

Tíṣà rọra kun àyíká àwọn lẹ́tà náà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.