Ìkòkò tí Ìyá Ọkọ Mi Já

Ọdún kejì òmìnira ni wọ́n gbé ọkọ mi wá sí Ṣábẹ láti máa kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ọmọ Kaboua, abúlé kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ni òun, èmi ọmọ Àjàṣẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá rẹ̀, àgbẹ̀ pọ́ńbélé, yẹ ọwọ́ mi wò, ó ní, "Ọwọ́ ìwé nìyí. Ẹ̀fọ́ lásán, kò lè gbìn ín." Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Nígbà tí a gbọ́ pé Màmá ń bọ̀ wá bá wa ṣe àjọ̀dún òmìnira, mo ní yóò rí ohun tí ọwọ́ ìwé lè ṣe. Mo bu erùpẹ̀ dúdú kún ìkòkò omi ńlá kan tó ti sán, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin Àgùdà tó kọ́ wa níṣẹ́ ilé nílé ìwé l'Ájàṣẹ́ máa ń ní, bí a bá ń gbin òdòdó sí ìkòkò, kí ohun tó ga wà láàrin, kí èyí tó tẹ́rẹrẹ yí i ká, kí èyí tó ń fà rọ̀ wálẹ̀ létí ìkòkò. Irú òdòdó tirẹ̀ ò sí ní Ṣábẹ. Mo fi tẹ̀tẹ̀ pupa sáàrin, mo fi gbúre tí ewé rẹ̀ ń dán yí i ká, mo jẹ́ kí àmùnútutù elésè àlùkò rọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin a dúró wò ó. Mo gbéra ga, n ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ tí Màmá máa dé, mo lọ ra ẹja. Nígbà tí mo fi máa padà, kùkùté pupa mélòó kan ló kù nínú ìkòkò mi. Màmá jókòó ti iná, ó ń ro ọbẹ̀.

"Ìyàwó, o kú ọjà. Ẹ̀fọ́ rẹ ti fẹ́ gbó, mo bá ọ já a."

Omijé lé ròrò sí mi lójú. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo tẹ orí ba kó má baà rí mi. Ọbẹ̀ náà wá dùn, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Màmá wò mí títí. Ó ní, "Mo ṣì ọ́ wò. Ẹni tó gbin irú èyí sínú ìkòkò fífọ́, ilẹ̀ ni kò tíì rí. Máa bọ̀ ní Kaboua, màá gé díẹ̀ fún ọ."

Mo lọ. Ọdún mẹ́rin la jọ ṣe lóko yẹn, ó ń fi mí yangàn fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e mì. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Ó kú láì mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ ni mo gbìn, kì í ṣe ọbẹ̀.