Mẹ̀dínátù Bàrúwà Kú Sẹ́nu Iṣẹ́

Mẹ̀dínátù Bàrúwà, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì, já bọ́ láti orí ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Tube, ìlú rẹ̀ lẹ́bàá ẹnubodè, ó sì kú. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lórí fóònù ni. Yunifásítì ní kò kú sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní inú ọgbà àwọn kọ́ ló kú sí.

Ẹ gbọ́ ná! Ta ló ti ọgbà ọ̀hún pa?

Ìgbà tó wá wo ìyá rẹ̀ nílé ni Kòrónà dé, tí wọ́n ní kónílé-ó-gbélé. Ẹnubodè ti wà ní títì tẹ́lẹ̀. Kò lè kọjá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò lè padà sí Ìlaròó tó ń gbé. Yunifásítì wá ní kó máa kọ́ni lórí ayélujára. Iná dà? Ìjọba ò jẹ́ kí epo bẹntiróòlù dé ẹ̀bá ẹnubodè mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ti di ibùsùn adìẹ. Nẹ́tíwọ̀kì ńkọ́? Tó bá tan fóònù, Bẹ̀nẹ̀ ló ń fi Faransé kí i káàbọ̀.

Orí ilé aládùúgbò tí wọn ò tíì kọ́ parí yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì.

"Ẹ wá ọgbọ́n dá sí i, Màdáàmù," lọ̀gá wí, ó pa fóònù.

Èmi àti Mẹ̀dínátù jọ kàwé ní Ayétòrò. Bí ìṣirò bá rú mi lójú, kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, òjò ń bọ̀. Màmá Àrìnpé, ìyá rẹ̀, ń ké nísàlẹ̀: "Mẹ̀dínátù, sọ̀ kalẹ̀ o! Atẹ́gùn yìí le!"

"Màmá, ẹ ní sùúrù. Ó ku ẹnì kan tí kò tíì yé."

Ẹsẹ̀ yọ̀. Àwọn ọmọ gbọ́ ariwo, lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ. Ọ̀kadà gbé e, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí àwọn agbófinró ti di ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń bi ọlọ́kadà níbi tó ń lọ. Ó dákẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ní Owódé.

Ẹnikẹ́ni ò ti yunifásítì wá kí Màmá Àrìnpé. Ìkẹ́dùn orí Wáásáàpù ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n tún ṣi orúkọ òkú kọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí orí ilé yẹn kì í bá ṣe ibi iṣẹ́, kí ló dé tí ẹ gba máàkì tó fún àwọn ọmọ níbẹ̀ wọlé? Ẹ wá sí Tube. Ẹ gun àtẹ̀gùn yẹn fúnra yín. Kẹ́ ẹ wá dúró níwájú ìyá rẹ̀, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó pàṣẹ pé kó máa kọ́ni lórí ayélujára, ká lè mọ ẹni tá a máa bi léèrè ikú rẹ̀.