Obìnrin Tó Ń Wọ Aṣọ Òkú

Ìyá yín àgbà, Unavi, kò ga, kò kúrú, kò sanra, kò sì tín-ín-rín. Kò sí aṣọ obìnrin kankan ní abúlé wa tí kì í bá a mu. Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ilé máa wá a nìyẹn. Tí obìnrin kan bá kú, tó di ogójì ọjọ́, òun ni wọ́n ń pè láti wọ aṣọ olóògbé: ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi òwú pupa ṣe ọnà sí lọ́rùn, ìborí, bàtà, gbogbo rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, òun ni òkú. A ó fún un ní àkàrà pẹlẹbẹ onípele mẹ́ta, á bá wa jó, á bá àwọn ọmọ olóògbé wí. Tí ilẹ̀ bá ń mọ́, a ó sìn ín dé géètì, a ó bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn rẹ̀, a ó pe orúkọ tirẹ̀ gan-an. Tó bá ti dáhùn, a ó máa lọ sílé.

Iye òkú tí ìyàwó mi ti jẹ́ ju irun orí mi lọ, nígbà tí mo ṣì ní irun.

Ọdún tí òtútù pa adìyẹ wa lórí ìdúró ni Salika kú. Toktaush ọkọ rẹ̀ àti òun nìkan ló ń gbélé. Wọn ò bímọ. Ọlọ́wọ́ òsì ni Salika. Ní ogójì ọjọ́ rẹ̀, bí Unavi ṣe so ìborí obìnrin yẹn tán, ọwọ́ òsì ló fi mú ṣíbí. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Àfi bí ó ṣe yíjú sí Toktaush.

"Ta ló gbé ìkòkò oyin mi kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn?"

Ojú Toktaush funfun. Òun nìkan ló mọ̀ pé òun gbé e. Ajá wọn, tó máa ń gbó ìyá yín àgbà bí olè, wá gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Iná àbẹ́là òkú tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, Toktaush sáré lọ dúró ní géètì, ó di igi ìdábùú rẹ̀ mú.

"Kò ní lọ síbi kankan."

"Toktaush, àbúrò mi, ṣí géètì."

"Bàbá Ivuk, ẹ wo yìnyín níta. Ṣé inú eléyìí lẹ ní kí n ti ìyàwó mi sí?"

"Ìyàwó ta? Ìyàwó tèmi ló wà nínú ẹ̀wù yẹn!"

"Ẹ pè é, ká gbọ́."

Mo pè é. "Unavi!" Kò dáhùn. "Ìyá Ivuk!" Ó wò mí bí ẹni wo àlejò.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìyàwó yín ò sí níbí."

Àwọn àgbà wa ti sọ fún wa: tí oòrùn bá yọ bá ẹ̀wù òkú lára alààyè, àwọn òkú ló ni ín. Ojú ọ̀run sì ti ń pọ́n. Mo lè gbé Toktaush sọnù nígbà náà, màlúù ni mo máa ń gbé kọjá odò. Ṣùgbọ́n bí mo bá jà já géètì, ta ni màá mú jáde?

"Bi í léèrè fúnra rẹ," ni mo wí.

Toktaush yíjú sí i. "Salika, ṣé o fẹ́ dúró?"

Ó gbé ọwọ́ òsì lé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Toktaush, mo ti ń yáná yín láti àná, kò mú mi lóoru. Ìyá mi ń dúró dè mí lọ́hùn-ún. Ṣí i fún mi."

Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé, ó fa igi náà yọ. A bọ́ ẹ̀wù náà. Ó le gbagidi, bí aṣọ tí wọ́n sá sínú yìnyín. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Hẹ́n?" Láti ọ̀nà jíjìn ló ti dáhùn.

Nílé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí títí mo fi ní kó wọlé. Ó béèrè ibi tí iyọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ òsì ló fi jẹun. Nígbà tí oorun ń kùn ún, ó wo ibùsùn wa.

"Apá ibo ni mo máa ń sùn sí?"

Mo dán an wò. "Ẹ̀bá ògiri. Ibẹ̀ ló tutù, ibẹ̀ lo fẹ́ràn."

Ó tẹjú mọ́ mi.

"Irọ́ lẹ pa! Ẹ̀yin lẹ máa ń sùn lẹ́bàá ògiri. Ẹ sún síbẹ̀ jàre, kí n ríbi dùbúlẹ̀."

Mo sún síbẹ̀ kíákíá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sùn lẹ́bàá ògiri yẹn, òtútù rẹ̀ kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.